Ilé-Ìwé Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Wa

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Ẹ mú mi dé iwájú ògiri, n ó fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ó sì sọ fún yín bóyá ẹni tó mọ ọ́n da sìmẹ́ǹtì sí i, tàbí ó kó sìmẹ́ǹtì lọ sílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú mi dé iwájú tíṣà, ẹ ó rí àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Fọ́ọ̀mù tuu ni mo ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí olùkọ́ ìṣirò kan tí pàṣán rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ti kú. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí.

Èmi yìí náà ni àbúrò mi obìnrin wá bá láàárọ̀ Sátidé kan, pé kí n bá òun wá ilé-ìwé fún ọmọ òun. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà ní Ọjà'ba, kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà. Ó lè wà ní Kánò lónìí, kó wà níbi tí ẹnì kankan kò mọ̀ lọ́la.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ yín ti ṣe tán o."

"Ọmọ mi wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ mi ni. Ó ti jáde pírámárì. Wọ́n ní bí a ò bá lọ sọ ibi tí a fẹ́, ilé-ìwé tó bá sún mọ́ni jù ni ìjọba á kó ọmọ sí. Ẹ bá mi lọ wò wọ́n."

"Kí lèmi mọ̀ nínú ilé-ìwé?"

"Ẹ mọ ògiri. Ẹ kúkú bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀."

Bó ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán nìyẹn, ó gbé igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tó ń já a láyà. Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní orí ìwé. Ìwé pélébé tí wọ́n ń fi sínú páálí oògùn, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí eèrà, òun ni gbogbo àwọn ìyá àgbà agboolé wa ń gbé e lọ bá. Á kà á tán, á sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn, á tún bá wọn wí pé, "Ìyá, wọ́n ní kí ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó o. Ẹ̀kọ tútù yẹn kì í ṣe oúnjẹ." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ sí ilé-ìwé tí kò dáa, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo sì mọ bó ṣe ń bàjẹ́. Ọmọ tèmi, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin mi, ti bọ́ sí ọ̀kan rí. JSS 2 ló ti ní òun ò lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo nà án, kò lọ. Mo pè é ní ọ̀lẹ títí ó fi lọ ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀.

Ilé-ìwé tó ti kúrò yẹn gan-an ni èyí tó sún mọ́ wa jù. Orí ilẹ̀ wa ló wà. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní agboolé wa, nísàlẹ̀ Bẹyẹrúnká, ènìyàn lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀, kò ní gbàgbé pé baba baba wa ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ilé-ìwé náà. Kò sí ìpàdé ẹbí tí a kì í ti í dárúkọ rẹ̀. Bí ọmọ wa kan bá gbé ipò ìkẹyìn bọ̀ láti ibẹ̀, àwọn ìyá àgbà á ní, "Kò burú, ṣebí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ló jókòó lé."

Mo pinnu pé n ó wo mẹ́ta. Mo fi tiwa ṣe ìkẹyìn, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù kò ti ní í bà mí.

Èkíní wà lọ́nà Mọ́lẹ̀tẹ̀. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ń lọ kí àna, mo dé fìlà, mo dúró níwájú géètì fún ìgbà tí ènìyàn lè fi mọ ìlà bùlọ́ọ̀kù kan. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo wọlé. Ní abẹ́ igi, àwọn ọmọ mẹ́fà nínú yúnífọ́ọ̀mù ń fọ mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni agogo kíláàsì ti lù. Ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo yọjú wo kíláàsì kan: ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba méjì, àwọn tó kù jókòó sórí àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù. Tíṣà kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń ta ṣinṣín nínú ike láàárín wọn, ó sì ń kọ orúkọ àwọn tó ń rà á sára pátákó. Mo ní ó kúkú dáa, ẹnì kan ń kọ nǹkan sí pátákó. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé tíṣà wọn ló ni ṣinṣín.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri ni. Ọ̀dà náà ń dán bí ojú ìyàwó. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo họ ọ́ díẹ̀. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣùrùṣùrù bí ẹni tú àpò gaàrí. Mo tún họ ọ́, ihò náà gba ìka mi. Inú bí mi. Ẹni tó kọ́ ògiri yìí ti jẹun tirẹ̀ tán, ó ti yó, ó ń sùn, orí ọmọ ọlọ́mọ ló fi sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń họ níbẹ̀ yẹn?"

Tíṣà ọkùnrin kan ló yọ lẹ́yìn mi, kékeré débi pé n bá bí i lọ́mọ. Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì so pọ̀ fúnra wọn.

"Ọwọ́ ló ń yún mi, sà."

"Ẹ wá fi ń họ ògiri ìjọba?"

"Ẹ má bínú, sà."

Mo ti dé ojú títì kí n tó rántí pé èmi ni mo ní ẹjọ́ láti bá a rò. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń bá ara mi wí: ìwọ tó o ń gun àkàbà dé òkè ilé alájà mẹ́ta, o ń sá fún igi àtòrì.

Èkejì wà ní Òkè-Àdó. Ilé àtijọ́ ni. Mo họ ògiri rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mi ló bàjẹ́. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, òjò sì ti ya àwòrán ràkúnmí sí àjà, ṣùgbọ́n tíṣà wà nínú gbogbo kíláàsì tí mo yọjú wò. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ rí mi, kò bi mí nípa ògiri. Ó ní, "Ọmọ ńkọ́? Ẹ mú ọmọ wá, kì í ṣe ẹ̀yin la fẹ́ kọ́." Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn sí mi lẹ́yìn. Bí mo ti ń jáde, mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìyàgbẹ́, kẹ́tùlù lọ́wọ́ ọ̀kan, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. N kò mọ ìdí tí ìyẹn fi dúró sí mi lọ́kàn. Ohun tó kan ń dùn mí ni pé ibẹ̀ jìnnà. Láti Bẹyẹrúnká dé Òkè-Àdó, ọmọ á ti rìn títí á ti gbàgbé ohun tó kọ́ lánàá.

Ó wá ku tiwa.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí, òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀: ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ ènìyàn, tútù àti gbígbẹ, lórí ara wọn. Ó ń ti ẹ̀yìn kíláàsì JSS 1 bọ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó bá àwọn ọmọ jókòó. Eṣinṣin wà lójú ìwé wọn. Ọmọ kan fi kọ́là yúnífọ́ọ̀mù bo imú, ó ń fi ọwọ́ kejì kọ̀wé, kò tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo tu itọ́, mo tún un tu. Ìgboyà tí n kò ní lọ́nà Mọ́lẹ̀tẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ náà, nítorí ilẹ̀ wa ni. Mo wọ ọ́fíìsì lọ bí onílẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá ni mo bá níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mu omi.

"Mádáàmù, ẹ ò rí i pé ibí yìí ń rùn?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ó ń rùn!"

"Ó ń rùn lóòótọ́."

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe sí i? Ṣé nínú ìgbẹ́ lẹ fẹ́ kí ọmọ ènìyàn ti kàwé ni? Ẹranko ni wọ́n ni? Ẹ mọ ẹni tó nilẹ̀ yìí? Àwa la nilẹ̀ yìí o! Baba baba wa ló fún yín!"

Ó gbé ife omi sílẹ̀. Ó wò mí láti fìlà dé bàtà.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Àwa ni!"

"Ẹ ṣé o. Mo ti ń wá yín tipẹ́. Ẹ bá mi kálọ."

Ó mú mi lọ sẹ́yìn kíláàsì. Fẹ́ǹsì ti wó níbẹ̀, ihò tó gba ènìyàn kan ló ṣí sílẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sì gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń dán nítorí pé wọ́n ti rìn ín títí. Lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà náà ni nǹkan náà wà. Ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yàrá mẹ́ta, kò sí ilẹ̀kùn lára ọ̀kankan, ohun tó kún inú wọn kì í ṣe ti ọmọdé.

"Bàbá, ẹ wo ọ̀nà yìí. Ilé ta ló lọ?"

N kò nílò kí n wò ó. Mo mọ ibi tó ti yí igi àgbálùmọ̀ ká. Mo mọ òkúta tí a ń tẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ló lọ tààrà. Gbogbo ìdájí, lẹ́yìn àsùbáà, èmi náà ń gba ibẹ̀ kọjá, kẹ́tùlù lọ́wọ́, fìlà lórí.

Ẹ ó ní, bíríkìlà, kí ló dé tó ò gbẹ́ ṣáláńgá sí agboolé yín? Mo ti dábàá rẹ̀ rí. Ibi tí mo nàka sí, wọ́n ní orí sàréè bàbá àgbà ni. Mo nàka sí ibòmíràn, wọ́n ní iwájú yàrá ìyàwó kejì ni, ṣé mo fẹ́ pa á ni? Ibi kẹta, àwọn ọmọ ìyá méjì ti ń jà sí i kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ọgbà wa tí kì í ṣe ti òkú tàbí ti oníjà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ní oníjà ni èyí tí a ti fi tọrẹ. Ìyẹn la wá ń yàgbẹ́ sí.

Obìnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni wọ́n fi síbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá ọ̀nà yìí lọ."

Mo rántí ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù kan tó wà lẹ́nu ilé ewúrẹ́ wa. Èmi ni mo bá wọn kàn án mọ́ ògiri.

"Àwọn ọmọ tó ń tètè dé láti wá gbálẹ̀," ó ní, "wọ́n ń bá àwọn àgbàlagbà ní ìlóṣòó níbí. Baba ńlá ènìyàn. Àwọn ọmọ á sáré padà wá bá mi, wọn ò ní lè sọ̀rọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo sì yíjú padà. N kò lè gba ihò yẹn kọjá sílé lójú rẹ̀, mo bá géètì jáde, mo rìn yí gbogbo àdúgbò ká.

Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi délé. Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ ló gbé mi lọ, síbi tí ọmọ mi ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ń di irun ẹnì kan lọ́wọ́. Ó jáde wá bá mi, ìyarun ṣì wà láàárín ìka rẹ̀.

"Bàámi, ṣé kò sí o?"

"Kí ló mú ẹ kúrò nílé-ìwé yẹn?"

"Háà! Ọdún mélòó nìyẹn! Ẹ ti nà mí tán ná, ẹ wá ń béèrè."

"Ṣé ìgbẹ́ yẹn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ìgbẹ́? Ìyẹn ti bá wa di ọmọ kíláàsì. A kì í ṣáà mu omi kí á má baà tọ̀, ó tán."

"Kí wá ni?"

Ó wolẹ̀. "Ọjọ́ kan ló kan èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi láti gbálẹ̀. A yí dé ẹ̀yìn kíláàsì báyìí, ẹ̀yin ni."

Mo yíjú sí ojú títì.

"Ẹ ò rí wa. Ẹ̀yìn lẹ kọ sí wa. Èmi ì bá ti purọ́ pé n kò mọ̀ yín, àmọ́ wọ́n mọ fìlà yín. Títí wọ́n fi parí táàmù, bí mo bá ti wọlé, wọ́n á lóṣòó."

"Mo nà ẹ́," ni mo wí.

"Ẹ nà mí," lòun náà wí. Ọ̀gá rẹ̀ pè é láti inú ilé, ó wọlé lọ.

Mo ti rí ohun ẹlẹ́gbin rí. Mo ti wọ inú sọ́kàwéè rí láti lọ tún un ṣe, mo sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó rí mi lára tó ara mi lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, mo ń tò lẹ́yìn àwọn àlejò.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni ìpàdé ẹbí. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ bí bùlọ́ọ̀kù, èyí tó máa wà nísàlẹ̀, èyí tó máa gùn ún. Kí n tó yanu, Baba Mọ́gàjí, olórí ilé wa, ti bi mí.

"O ti ríbi fi ọmọ àbúrò ẹ sí?"

"Mo ṣì ń wò ó ni, sà."

"Kí lò ń wò? Ilẹ̀ baba ẹ wà níbí, o wá ń yọjú wo ilẹ̀ onílẹ̀ kiri."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù nínú wọn. Bùlọ́ọ̀kù kan kò kúrò nílẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé Òkè-Àdó ni, n kò sọ ìdí. Ó pariwo. "Òkè-Àdó! Kí ọmọ máa rìn bí ẹlẹ́rù? Ta ló máa mú un lọ?"

"Èmi ni. N ó máa sìn ín dé Mọ́lẹ̀tẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló ṣe tiwa?"

"Ògiri rẹ̀ kò dáa," ni mo wí. Irọ́ ni. Ògiri nìkan ló dáa níbẹ̀.

Ó wò mí, ó ní kò burú, kí n mú ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí n lọ ṣàlàyé fún wọn fúnra mi, torí òun ò mọ ohun tí òun máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọmọ náà ṣe lọ tò sórí ìlà, òbí níwájú, òbí lẹ́yìn. Nígbà tó kàn wá, ọkùnrin onígíláàsì tó jókòó sídìí tábìlì wo fọ́ọ̀mù wa.

"Bàbá, ṣé ibi tí ẹ ń gbé nìyí? Ẹ̀yìn ilé-ìwé gan-an ni. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fò ó?"

"Ọmọ náà, sà... ẹsẹ̀ ló máa ń dùn ún."

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹ wá ní kó máa rìn lọ sí Òkè-Àdó?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn fi mí ṣẹ̀rín. Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fọ́ọ̀mù wa sí apá kan. "Ẹ jẹ́ kó lọ sí tòsí, Bàbá. Ẹni tó kàn!"

Ìyá tó wà lẹ́yìn mi ti fẹ́ gba iwájú mi. Mo rí i pé ó ti parí. Bí mo bá yà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ yìí ni yóò máa gbálẹ̀ ní ìdájí.

"Ẹ dúró, sà. Ìgbẹ́ ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìgbẹ́. Ẹ̀yìn kíláàsì wọn ni àwa ará ilé wa ń yà á sí. Ìdájí la máa ń lọ, ìgbà tí àwọn ọmọ ń gbálẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo bí bá mi níbẹ̀, òun àtẹgbẹ́ ẹ̀, ìdí tí kò fi kàwé mọ́ nìyẹn. Ẹ dákun, n kò fẹ́ kí èyí náà bá mi, tàbí kó bá Mọ́gàjí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ ò ní ilé ìyàgbẹ́ ni?"

"A ò ní, sà."

"Gbogbo agboolé?"

"Gbogbo agboolé. A ní télifísàn mẹ́sàn-án."

Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó kọ nǹkan sí i pẹ́, n kò lè kà á, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní Òkè-Àdó ni, kí n tọwọ́ bọ̀wé. Bí mo ti gbé bírò sílẹ̀, ìyá tó wà lẹ́yìn mi mú un, ó kọ́kọ́ fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Ọmọ náà ń lọ níwájú mi, ó yára, ó di ìwé náà mọ́ àyà, bí ẹni tí kò bá mi tan. N kò pè é. Nígbà tí a dé Mọ́lẹ̀tẹ̀, tí mọ́tò pọ̀, ó dúró dè mí kí a lè jọ fo títì, ṣùgbọ́n kò di ọwọ́ mi mú.